Tọkọtaya Kan, Ọjọ́ Méjì: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí A Béèrè Ìwé Ìgbélùú?



Ẹni tó bá ti gba Ọ̀rẹ̀ kọjá rí yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Bí baálé ilé bá wọ ọkọ̀ àárọ̀ láti Èkó, tí ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ọ̀sán, oríta Ọ̀rẹ̀ kan náà ni wọn yóò dé, ṣùgbọ́n wọn kò ní í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ṣíwájú kò fi ẹni tó ń bọ̀ sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ kò sì sọnù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rí fún tọkọtaya tó wà ní Ìlú Ọba.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ní Odigbó, ìyá àgbà kan fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi fẹ́ gba ìwé tirẹ̀, ó ní ti ìyàwó òun kò tíì tó àkókò. Àwọn àna wa ti ń sọ pé ó fẹ́ já ọmọ àwọn sílẹ̀ ni." Nítorí ìyá yìí, àti àwọn mìíràn tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà nílé wọn, ni a ṣe kọ àròkọ yìí.

ỌDÚN TA NI À Ń KÀ?

Ní ọjọ́ 1 oṣù December 2020 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker fún àwọn oníṣẹ́ tó ní ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n. Òfin tó bá ọ̀nà náà dé ni pé, ẹni tó bá lo ọdún 5 láìjá lè béèrè ìwé ìgbélùú títí, tí wọ́n ń pè ní Indefinite Leave to Remain. Ìyàwó tàbí ọkọ tó dúró lórí ìwé ẹnì kejì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lo ọdún 5 tirẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í: ọdún ọkọ kì í ṣe ọdún ìyàwó.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ là á. Ká ní ọkọ gba àṣẹ ní March 2021, tí ìyàwó gba tirẹ̀ ní October 2022. Lábẹ́ òfin ọdún 5, ọkọ yóò pé é ní March 2026, ìyàwó yóò sì pé é ní October 2027. Oṣù 19 ló wà láàárín wọn. Ìfẹ́ tó wà láàárín wọn kò dín kù. Ọjọ́ tí kálukú gbéra ni kò dọ́gba.

MÁ ṢE YÁ JÙ, MÁ ṢE PẸ́ JÙ

Òfin náà fàyè gbà á kí ènìyàn kọ̀wé nígbà tó bá ku ọjọ́ 28 tàbí kó dín kí ó pé ọdún 5. Ẹni tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba èsì pé kò tíì tó àkókò, kí owó rẹ̀ sì wọmi. Owó náà kì í ṣe kékeré: ní April 2025, pọ́ùn 3,029 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san, kò sì sí ẹ̀dínwó fún tọkọtaya.

Ẹni tó bá pẹ́ jù náà wà nínú ewu. Wọ́n sábà máa ń fi ọjọ́ tí ìwé ọkọ yóò parí ṣe òpin ìwé ìyàwó. Nítorí náà, ìwé ìyàwó inú àpẹẹrẹ wa lè parí ní March 2026, nígbà tí kò tíì lo ju ọdún 3 àti oṣù 5 lọ. Ó gbọ́dọ̀ tún ìwé rẹ̀ ṣe kí ọjọ́ náà tó kọjá. Bí ó bá kọ̀wé lásìkò, àṣẹ rẹ̀ yóò máa bá a lọ títí èsì yóò fi dé. Bí ó bá jókòó, tó ń wò ó pé ìwé ọkọ òun ti bo òun mọ́lẹ̀, gbogbo ọdún tó ti kà lè já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ rántí pé àtúnṣe yìí ní owó ìlera nínú. Láti February 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di pọ́ùn 1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà. Ẹni tó ń béèrè ìwé ìgbélùú títí kì í san án. Olúwa wa fi ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, pé ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ dá àjọ sílẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní.

ṢÉ KÍ ỌKỌ DÚRÓ DE ÌYÀWÓ?

Ìbéèrè ìyá wa nìyí. Lójú tiwa, kò pọn dandan, ó sì lè pa ilé náà lára. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ láàárín oṣù 19 yẹn, òfin sì lè yí. Nígbà tí ọkọ bá gba ìwé títí, ìyàwó ṣì lè máa dúró lórí rẹ̀ kí ó parí ọdún tirẹ̀, bí wọ́n bá ṣì jọ ń gbé pọ̀ lóòótọ́. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ: ọmọ tí wọ́n bá bí sí Ìlú Ọba lẹ́yìn tí òbí kan ti gba ìwé títí, ọmọ onílùú ni láti ọjọ́ ìbí. Èyí tí wọ́n ti bí síbẹ̀ ṣáájú lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ onílùú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n gbé láti ilé lọ sábà máa ń dúró títí ìwé òbí méjèèjì yóò fi pé.

Ẹ tọ́jú ẹ̀rí pé ẹ jọ ń gbé: ìwé owó ilé, ìwé báńkì, ìwé iná, lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì.

ÌRÌN ÀJÒ WÁLÉ

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Láàárín oṣù 12 èyíkéyìí nínú ọdún 5 náà, ẹni tó ń kà á kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi Ìlú Ọba. Bó bá wá sin òkú ní Ọ̀rẹ̀, tó tún wá ṣe ìgbéyàwó àbúrò, tó sì padà wá tọ́jú ìyá, ọjọ́ wọ̀nyí ń kóra jọ. Kí ọkọ àti ìyàwó ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àlọ àti àbọ̀ sí. Bí wọ́n bá sì ti fi ìwé sílẹ̀, ẹ má ṣe pè wọ́n wálé títí èsì yóò fi dé, nítorí ìrìn àjò lè sọ ìbéèrè náà di èyí tí wọ́n fà sẹ́yìn. Èsì lè gba oṣù 6.

Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Life in the UK náà wà níbẹ̀: ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ gba 18. Ẹni tó bá ti yege kò tún un ṣe mọ́, nítorí náà ẹ tètè ṣe é.

ÒFIN Ń YÍ

Ní May 2025 ni ìjọba ibẹ̀ gbé àbá jáde pé kí ọdún 5 di 10 fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní November ọdún náà wọ́n ní kí ará ìlú sọ èrò wọn lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ 12 February 2026. Àbá náà sọ pé kí wọ́n wo ìyàwó tàbí ọkọ tó dúró lórí ìwé ẹlòmíràn lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ara lé ohun tí ọ̀rẹ́ ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹ wo òfin ọjọ́ tí ẹ ń kọ̀wé gan-an, kí ẹ sì bi lọ́yà tó ní àṣẹ, kì í ṣe ajẹ́ńtì ojú títì.

Láti ìgbà ogun ọdún 1967 ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé, ó le kú, ijà Ọ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìwé di irú ijà bẹ́ẹ̀ láàárín àna àti àna. A sọ fún ìyá wa pé kí ó pe àwọn àna rẹ̀ jókòó, kí ọmọ rẹ̀ fi ọjọ́ méjèèjì hàn wọ́n: ọjọ́ tirẹ̀, àti ọjọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó ti dé oríta yóò dúró de ẹnì kejì rẹ̀ níbẹ̀.

Kí Olúwa mú gbogbo ọmọ wa délé láyọ̀. Àmín.