Ṣé Ohùn Ẹ Lè Gba Iṣẹ́ fún Ẹ?

Ẹ jẹ́ ká rò ó báyìí: èèyàn méjì ń wá iṣẹ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní í sọ, kò fi ẹyọ kan lé. Ọ̀kan kọ tiẹ̀ ránṣẹ́ nínú íméèlì, èkejì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ta lẹ rò pé ọ̀gá máa kà sí ọlọ́pọlọ pípé?

Ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, Juliana Schroeder àti Nicholas Epley ṣèwádìí ìbéèrè yìí, wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MBA ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó wù wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn kan wo fídíò wọn, àwọn kan gbọ́ ohùn nìkan, àwọn yòókù ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé. Àwọn tó gbọ́ ohùn ló ka akẹ́kọ̀ọ́ náà sí ẹni tó lóye jù, tó ń ronú jinlẹ̀ jù. Fídíò ò tiẹ̀ fi nǹkan gidi kún un. Àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbani síṣẹ́ náà ò yọ sílẹ̀.

Kí ló fà á? Nínú ọ̀fun wa ni tán-án-ná wà, awẹ́ kékeré méjì tó ń gbọ̀n nígbà tí èémí bá ń gba àárín wọn jáde. Ti ọkùnrin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin ní nǹkan bí ìgbà 200. Àmọ́ kì í dúró sójú kan. À ń gbé ohùn sókè, à ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, à ń sáré, à ń dákẹ́ díẹ̀ ká tó rí ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ibẹ̀ ni olùgbọ́ ti ń gbọ́ pé ọpọlọ ń ṣiṣẹ́. Ìwé ò lè gbé ìyẹn.

Ibi tó ti le nìyí: etí wa kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. William Mayew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ohùn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ 792 wò, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ní 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tí ohùn wọn rinlẹ̀ ló sábà ń darí ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù, tí owó wọn sì pọ̀ jù. Èyí ò sọ pé ohùn ló sọ wọ́n dọ̀gá o. Ṣùgbọ́n bí tán-án-ná ṣe gùn tó kò kan ọgbọ́n rárá.

Ṣebí bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn? Ẹnì kan lè mọ kẹ́mísírì dé góńgó, àmọ́ tó bá ti pe “egg” ní “hegg” báyìí, wọ́n á ní H-factor ń bá a jà, ẹ̀rín á sọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn, tó dákẹ́ torí irú ẹ̀rín yẹn. Bí ohùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lè fi ìrònú hàn. Bí ahọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ibi tí èèyàn dàgbà sí ló ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, tí ààyè bá wà láti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ má fi íméèlì nìkan mọ. Ẹ ka ohùn yín sórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ọ: ṣé ẹ ń ṣàlàyé ni, àbí ẹ ń ké àkọ́sórí? Ẹ má wulẹ̀ fún ọ̀fun torí kí ohùn lè rinlẹ̀, ẹ má sì yá ohùn òyìnbó lò.

Ẹ̀yin tó ń gbani síṣẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn, kí ẹ sì fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ohun tó sọ ni kí ẹ fún ní máàkì, ẹ má fún “hegg.”