Àpò pupa ẹyin àti ibi ọmọ nínú oyún èkúté àti ọ̀yà

Àpò pupa ẹyin àti ibi ọmọ jẹ́ ẹ̀yà ara méjì tí ń bọ́ ọlẹ̀ nínú oyún àwọn ẹranko ìdílé eku, gẹ́gẹ́ bí èkúté ilé (Mus musculus) àti ọ̀yà (Thryonomys swinderianus). Nínú ẹyin ẹyẹ, inú àpò yìí ni oúnjẹ ọlẹ̀ wà. Nínú ìdílé eku, pupa ẹyin kò sí nínú rẹ̀ tó ohun tí ó lè bọ́ ọlẹ̀. Síbẹ̀, òun ni ó ń gbọ́ bùkátà ọlẹ̀ kí ibi ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í parí títí oyún fi ń súnmọ́ òpin.

Àpò tí inú rẹ̀ kọjú síta

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ọlẹ̀ àwọn ẹranko wọ̀nyí a máa rì wọ inú àpò pupa ẹyin, àpò náà á sì yí i ká. Nípa bẹ́ẹ̀, awọ tí ó yẹ kí ó wà nínú á wá kọjú síta, bí ẹ̀wù tí a yí inú rẹ̀ padà. Nínú èkúté, ògiri mìíràn ṣì wà láàárín awọ yìí àti ilé ọmọ títí di nǹkan bí ọjọ́ 16 tàbí 17 oyún, kí ó tó ya. Nínú ọ̀yà àti àwọn ìbátan rẹ̀, ògiri náà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1884, Emil Selenka, onímọ̀ ẹranko ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ìyípadà yìí.

Iṣẹ́ àpò náà

Awọ àpò náà a máa gbé omi àti purotéènì tí ń ti ara ilé ọmọ jáde mì, á dà wọ́n, á sì fi èròjà wọn ránṣẹ́ sí ọlẹ̀. Inú ògiri rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń jẹ yọ. Ọ̀nà rẹ̀ náà ni àwọn èròjà tí ń gbógun ti àrùn fi ń ti ara ìyá kọjá sí ara ọmọ.

Ibi ọmọ

Oyún èkúté kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 21 lọ. Ọlẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n ibi ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi kí ó tó di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Ìdajì oyún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá nígbà náà.

Oyún ọ̀yà a máa tó oṣù márùn-ún. Ibi ọmọ rẹ̀ pín sí ìlà-ìlà, ẹ̀jẹ̀ ìyá sì ń ṣàn káàkiri inú rẹ̀. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró kí ó má fara kan iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Mẹ́ta ni ti èkúté. Ọ̀yà àti òòrẹ̀ tún ní ẹ̀ka kan tí ó kákò sí abẹ́ ibi ọmọ, níhà ilé ọmọ, èyí tí èkúté kò ní. Ọmọ ọ̀yà a máa ní irun, ojú rẹ̀ a sì là ní ọjọ́ tí a bí i. Ọmọ èkúté kò nírun, ojú rẹ̀ sì wà ní pípadé.

Pàtàkì rẹ̀ fún ìṣègùn

Nínú ènìyàn, àpò yìí kéré, kì í sì í fara kan ilé ọmọ. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí nípa ewu ìyàtọ̀ yìí ni aró trypan blue. Bí a bá fún eku aboyún, aró náà kì í wọ inú ọlẹ̀. Inú àpò pupa ẹyin ni ó ń kóra jọ sí, ó sì ń dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ọlẹ̀ fi ń ṣe aláìní oúnjẹ, tí ọmọ sì fi ń bà jẹ́ nínú oyún. Nítorí náà, bí oògùn kan bá pa ọmọ eku lára, onímọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ipasẹ̀ àpò yìí ni, kí ó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ènìyàn.