Ẹlẹ́rìí Tó Kú àti Ẹlẹ́rìí Tó Ń Bẹ̀rù

Ká sọ pé wọ́n gún ọkùnrin kan lọ́bẹ. Kó tó kú, ó dárúkọ ẹni tó gún un fún ọlọ́pàá. Aládùúgbò rẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá bákan náà, àmọ́ nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ó fárígá, ó ní wọ́n ti ń halẹ̀ mọ́ òun. Èwo nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì ni kóòtù máa gbà? Òfin Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dáhùn bákan náà.

Àwọn méjèèjì gbà pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Abala 38 Òfin Ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 kọ ẹ̀rí àgbọ́sọ, àyàfi níbi tí òfin bá yọ̀ǹda rẹ̀. Abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sì fún olùjẹ́jọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹlẹ́rìí tó takò ó ní ìbéèrè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé kì í làágùn, ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n, agbẹjọ́rò kò sì lè bi í bóyá iná wà ládùúgbò lóru ọjọ́ náà.

Lórí òkú, àwọn méjèèjì lawọ́. Abala 40 òfin wa gba ohun tí olóògbé sọ nípa ohun tó pa á, bó bá ti gbà nígbà náà pé ikú ti súnmọ́ òun, ì báà tiẹ̀ ṣì máa retí pé òun á yè. Òfin àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìrètí ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pin pátápátá. Òfin wọn ti ọdún 2003 pa ìyẹn tì. Bí ẹlẹ́rìí bá ti kú, wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ì báà mọ̀ pé òun ń kú lọ tàbí kò mọ̀.

Orí ẹ̀rù ni wọ́n ti pínyà. Abala 116 òfin Gẹ̀ẹ́sì yẹn ka ẹ̀rù sí ìdí tí ẹlẹ́rìí lè fi ṣàì wá, títí kan ẹ̀rù pé wọ́n á ṣe ẹlòmíràn léṣe, bí adájọ́ bá ti rí i pé kò ní rẹ́ olùjẹ́jọ́ jẹ. Abala 39 tiwa dárúkọ ẹni tó kú, ẹni tí a wá tì, ẹni tí kò lè jẹ́rìí mọ́ àti ẹni tó máa náni lówó tàbí àkókò jù láti mú wá. Ẹ̀rù kò sí níbẹ̀.

Lójú àkọ́kọ́, tiwọn ló ṣàánú jù. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ẹjọ́ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Nínú ọ̀kan, obìnrin tó fẹ̀sùn kan dókítà rẹ̀ ti kú. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jẹ́rìí pé ó ti sọ fún àwọn, obìnrin mìíràn sì fẹ irú ẹ̀sùn kan náà kan dókítà ọ̀hún. Ẹjọ́ náà dúró. Nínú èkejì, ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun rí ẹni tó gúnni lọ́bẹ, ẹ̀rù bà á, wọ́n ka ìwé rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó lágbára tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́ lójú.

Ohun tí mo rí dì mú nìyí: ìdí tí ẹlẹ́rìí kò fi wá kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òtítọ́. Ohun tó bá dúró tì í ni ká wò. Nítorí náà, n kò fẹ́ kí Nàìjíríà sáré fi ẹ̀rù kún Abala 39. Òfin Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ló yẹ ká yá, ti ọdún 1999, tó jẹ́ kí ẹlẹ́rìí tí ẹ̀rù ń bà jókòó sẹ́yìn ìkélé tàbí kó jẹ́rìí láti inú fídíò, ẹ̀sùn ọ̀daràn yòówù kó jẹ́. Abala 232 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn wa ti ọdún 2015 ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ẹ̀sùn bí ìfipábánilòpọ̀, ìpániláyà àti fífi ènìyàn ṣòwò ló dárúkọ. Kò dárúkọ ìpànìyàn àti ìdigunjalè, níbi tí ìhàlẹ̀ ti wọ́pọ̀. Ìkélé kì í lé gbogbo ẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì lè dáhùn ìbéèrè. Kí àwọn aṣòfin fi ẹ̀sùn méjèèjì kún un.