Ọkọ̀ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ti Ọ̀dọ̀ Mẹkáníìkì Dé, Kí Ló Dé Tí Bíréèkì Ò Fi Mú Dáadáa?

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nílùú Àkúrẹ́ torí pé bíréèkì ń pariwo. Wọ́n pààrọ̀ pádì, ẹ sanwó, ẹ kọjú sọ́nà Oǹdó. Kẹ́ ẹ tó dé Ọ̀wẹnà, ariwo ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ yín ń wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Pádì tuntun ni, ó máa tó mọ́ra." Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, pádì tuntun lè rìn díẹ̀ kó tó mú dáadáa, ṣùgbọ́n pẹ́dà tó ń rì lọ sílẹ̀ yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan ni wọ́n fọwọ́ kàn lásìkò iṣẹ́ tí wọn ò dá padà bó ṣe yẹ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, omi ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín lọ sídìí táyà. Inú páìpù tóóró ló wà, kò sì ṣeé fún pọ̀, nítorí náà bẹ́ ẹ ṣe tì í níbí ló ṣe ń ti pádì lọ́hùn-ún. Atẹ́gùn ní tiẹ̀ ṣeé fún pọ̀. Tí wọ́n bá tú páìpù tàbí kálípà, tí wọn ò sì lé atẹ́gùn tó wọlé jáde, atẹ́gùn yẹn lẹ ó kọ́kọ́ máa fún kí pádì tó gbéra. Àwọn mẹkáníìkì ń pe iṣẹ́ yìí ní "blíìdì". Èèyàn méjì ló sábà máa ń ṣe é: ẹnì kan ń tẹ pẹ́dà nínú ọkọ̀, ẹnì kejì ń tú nọ́ọ̀tì kékeré ìdí táyà, ó sì ń dè é, títí tí omi ò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń sáré láti inú ọkọ̀ lọ sídìí táyà, ẹ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè.

Kódà tí wọn ò tú páìpù kankan, wọ́n gbọ́dọ̀ ti písítìnì kálípà sẹ́yìn kí pádì tuntun tó lè wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tẹ pẹ́dà léraléra títí tó fi máa le kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àkọ́tẹ̀ lè lọ sílẹ̀ pátápátá, bóyá níwájú géètì ṣọ́ọ̀bù gan-an.

Orúkọ tá à ń pe omi yìí tún ń ṣi àwọn kan lọ́nà. "Óìlì bíréèkì" là ń pè é, bẹ́ẹ̀ irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ń lò kì í ṣe óìlì rárá. Tí wọ́n bá bu óìlì ẹ́ńjìnnì sí i, àwọn rọ́bà inú bíréèkì á wú, wọ́n á sì bà jẹ́. Ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ú sí, DOT 3 tàbí DOT 4 ló sábà máa ń wà níbẹ̀. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti DOT 4 jẹ́ 230. Àmọ́ ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, DOT 3 tó bá sì ti fà á lè máa hó ní 140. Ike tó ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan ò dáa fún ẹni tó ń gba ọ̀nà olókè bíi ti agbègbè Ìdànrè. Tó bá hó, ó di èéfín bíi ti ìkòkò, èéfín náà sì ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn.

Ti àwọn míì tún yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì ni wọ́n lọ tún ṣe, pẹ́dà wá le bí òkúta. Ẹ ní kí wọ́n wo họ́ọ̀sì tó ti ẹ́ńjìnnì lọ sí hydrovac, ìyẹn agolo dúdú ńlá tó wà níwájú pẹ́dà. Ó ṣeé ṣe kó ti yọ. Tí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, ó lè jẹ́ gíríìsì ló kan pádì. Tí iná ABS bá tàn lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ béárìn, wáyà ìdí táyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí tó fi máa le. Ẹ fẹsẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá ṣíná. Ó yẹ kí pẹ́dà rẹlẹ̀ díẹ̀, tí kò bá rẹlẹ̀, hydrovac ní ìṣòro. Ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, tó bá ń rì lọ, nǹkan ń jò. Lẹ́yìn náà ẹ wà á jẹ́jẹ́ níbi tí èèyàn ò sí.

Tó bá já lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ máa tẹ pẹ́dà léraléra, ẹ já gíà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fa háńdì bíréèkì jẹ́jẹ́, ẹ tẹ họ́ọ̀nù. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lórí eré, torí ọwọ́ ọkọ̀ á le. Nọ́ńbà àwọn FRSC ni 122.

Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ò dáa, ẹ má wà á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ṣe é ni kẹ́ ẹ pè wá. Inú lè bí yín kẹ́ ẹ fẹ́ gbé e fún mẹkáníìkì míì ní Oǹdó. Ní tèmi, ìyẹn ló ń ba ẹjọ́ jẹ́, torí ẹni àkọ́kọ́ á ní ẹnì kejì ló bà á jẹ́. Tó bá kọ̀ láti wá, ẹ ya fọ́tò kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Òfin tọdún 2018 tí àjọ FCCPC ń lò, abala 130, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó péye. Tí kò bá péye, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá lára owó yín padà. Kò yọ ẹni tó ta tòkunbọ̀ fún yín, tó tún gbowó bá yín ṣe bíréèkì rẹ̀, sílẹ̀. Àmọ́ rìsíìtì lẹ máa fi sọ̀rọ̀: ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tí wọ́n pààrọ̀ àti irú omi tí wọ́n bù sí i. Tó bá jẹ́ "owó iṣẹ́" nìkan ni wọ́n kọ, ẹ dá a padà kí wọ́n tún un kọ.