Ọkùnrin Tó Ń Fi Ojú Rìn

Ẹ súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun ìyanu tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kì í ṣe ti iwin, kì í ṣe ti àǹjọ̀nú. Ènìyàn bíi tiwa ló ṣẹlẹ̀ sí.

Lọ́dún 1971, ní erékùṣù Jersey tó wà lẹ́bàá ilẹ̀ Faransé, ọ̀dọ́mọkùnrin alápatà kan wà tó ń jẹ́ Ian Waterman. Ọmọ ọdún 19 ni. Àìsàn bí ọ̀fìnkìn kọ lù ú. Nígbà tí yóò fi lajú, kò mọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà mọ́.

Ẹ gbọ́ dáadáa o! Agbára kò kúrò lápá rẹ̀. Bí nǹkan bá jó o, ó mọ̀. Bí omi bá tutù, ó mọ̀. Àmọ́ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé "ọwọ́ rèé, orúnkún ti ká" ti bàjẹ́. Ó ní kí apá gbéra, apá fò lọ síbi tí kò rán an. Kò lè dá jókòó, ká má tíì sọ pé kó dìde.

Kí ló wá ṣe? Ojú ló fi rọ́pò. Ó tẹjú mọ́ ara rẹ̀, ó ń ro gbogbo ìgbésẹ̀ kó tó gbé e, títí ó fi tún rìn lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún kan. Síbẹ̀, bí iná bá kú lójijì, ilẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀.

Ọpọlọ kì í kàn pàṣẹ, ẹ̀yin ọmọ. Ó ń gbọ́ ìròyìn kó tó pàṣẹ, ó sì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn àṣẹ. Bí ìròyìn bá dàrú, ìrìn á dàrú; bí ìròyìn kékeré mìíràn bá sì dé, ó lè ṣèrànwọ́.

Àwọn kan wà tí àìsàn dystonia ń lọ́ lọ́rùn. Bí wọ́n bá fi ìka kan ṣoṣo kan àgbọ̀n, ọrùn lè tọ́ fúngbà díẹ̀. Ìka yẹn kò ti ọrùn rárá. Ìfọwọ́kàn lásán ni. Ẹni tí àìsàn Parkinson sì mú lẹ́sẹ̀ dúró, bí ẹ bá fa ìlà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó lè gbẹ́sẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sì sọ pé àjẹ́ ló dè é. Ẹ tan iná fún un, ẹ fa ìlà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un lọ rí dókítà.