Ẹyinjú Inú Àwo àti Ojú Àwọn Ìyá Wa

Ojú ni ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa ní Akóbò. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, kò dùn ún, nítorí náà kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ó ń fi ẹsẹ̀ kọ àga ni àwọn ọmọ tó mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Gilọ́kọ́mà ni. Ìríran tí ó ti lọ kò padà mọ́.

Àrùn yìí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ. Nínú ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, bí 4 nínú 100 àwọn tó ti pé 40 ọdún ló fọ́jú, gilọ́kọ́mà sì wà lára ohun tó fà á jù. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn wà lára àwọn tó kéde ní 2019 pé àmì kan nínú jíìnì APBB2 ń fi kún ewu rẹ̀ fún ẹni tí ìran rẹ̀ ti Áfíríkà wá.

Ṣùgbọ́n a kì í gé ẹyinjú alààyè wò. Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń mú sẹ́ẹ̀lì awọ ara tàbí ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń dá a padà sí bí ti ọlẹ̀, ọgbọ́n tí Yamanaka ará Japan fi hàn ní 2006. Wọ́n á tọ́ ọ nínú àwo títí yóò fi di awọ kékeré bí èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú. Ní 2020, Botond Roska àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Basel, ní Switzerland, yẹ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ jíìnì tí ń ṣiṣẹ́ nínú ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n tọ́ dé ọ̀sẹ̀ 38, bí oyún tó pé oṣù, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti sún mọ́ ti àgbàlagbà.

Àbùkù kan ṣẹ́ kù: sẹ́ẹ̀lì tí gilọ́kọ́mà ń pa gan-an ni kì í pẹ́ nínú àwo, nítorí kò rí ọpọlọ tí yóò so mọ́.

Nítorí náà, ẹ má jókòó de àwo. Ẹni tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní àrùn yìí, kí ó lọ yẹ ojú wò. Ẹ má sì dá oògùn tí a ń kán sójú dúró nítorí pé ẹ kò rí ìyàtọ̀; èyí tó kù ló ń ṣọ́.

Àwọn ọmọ ìyá wa ti lọ. Wọ́n bá a lójú ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tíì jìnnà.