Ọjọ́ Orí Táyà: Ohun tí Ó Yẹ kí Gbogbo Èrò Ọkọ̀ Mọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá kàn wá pé ọkọ̀ kan dojú dé lójú títì, gbólóhùn kan náà ni a sábà máa ń gbọ́: "Táyà ni ó bẹ́." Bí a bá ti sọ báyìí tán, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan á ní kádàrá ni, àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Èmi kò gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Táyà kì í déédé bẹ́. Ó ní ohun tí ó ń pa á, ó ní àmì tí ó fi ń sọ fún wa pé òun ń kú lọ, wọ́n sì kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i lára. Ẹni tí ó bá mọ àwọn àmì wọ̀nyí lè gba ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn là.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni kò tíì ní ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gba ìsinmi, olúkúlùkù a máa dorí kọ ilé rẹ̀: èyí ń lọ sí Gánà, èyí ń lọ sí Tógò, èyí ń lọ sí Kamẹrúùnù, èyí sì ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sí Gáḿbíà. Ní gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò náà, orí táyà mẹ́rin ni ẹ̀mí yín wà. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan gbé kan ilẹ̀ kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan èrò ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí táyà jẹ́. Rọ́bà gẹ́gẹ́ bí a ti gbà á lára igi kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí bí oòrùn bá pa á, yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí òtútù bá sì mú un, yóò gan. Ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, ni ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1844 lórí ọ̀nà tí a fi ń se rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, kí ó lè le kí ó sì máa nà. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni orúkọ fọ́kánáísà ti wá, ẹni tí àwọn Haúsá ń pè ní mai faci. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà rẹ̀ kò jìn sí ti Ògún! Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì tí ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí fún kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé ẹrù wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: kì í ṣe rọ́bà ni ó ń gbé ọkọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín nínú táyà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, yóò sì tún máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí. Táyà ọkọ̀ kékeré ń yí tó nǹkan bí 500 ìgbà nínú kìlómítà kan. Ẹni tí ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń nà án, ní nǹkan bí 50,000 ìgbà kí wákàtí náà tó pé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí èyí ń ṣe, ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ní ojú kan náà. Yóò gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kán. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti táyà rí. Wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Ooru ni ó ń tú ìlẹ̀pọ̀ náà. Bí ó bá tú tán, ojú táyà yóò ṣí kúrò lára rẹ̀, awakọ̀ kò sì ní lè darí ọkọ̀ mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Firestone pe táyà tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ padà, nítorí pé ojú wọn ń ṣí lórí eré. Orí ọkọ̀ Ford Explorer ni púpọ̀ nínú wọn wà, àwọn tí ó kú nínú ìjàm̀bá náà sì ju 200 lọ. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ara ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí ni afẹ́fẹ́: Ford ní kí a fẹ́ táyà náà sí 26, Firestone ní ó yẹ kí ó jẹ́ 30. Èyí tí ó yẹ kí àwa ará ilẹ̀ olóoru kíyèsí jù lọ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, bíi Arizona, Texas àti Florida, ni wàhálà náà ti pọ̀ jù. Bí ooru Texas bá lè ṣe báyìí, kí ni kí a sọ nípa ọ̀nà Kánò tàbí ti Niamey nínú oṣù kẹrin?

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó tọ́? Mo ti rí ọ̀pọ̀ fọ́kánáísà tí ń fi ẹsẹ̀ ta táyà, tí wọ́n á sì ní ó ti tó. Ẹsẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 24 àti 32. Géèjì nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n, géèjì kékeré kan kò sì kúrò nínú ọkọ̀ mi rí. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó. Níbẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kọ ìwọ̀n náà sí. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó wà láàárín 30 sí 35 psi. Ẹ má ṣe tẹ̀lé nọ́ńbà tí ó wà lára táyà fúnra rẹ̀, nítorí òpin ohun tí ó lè gbà ni ìyẹn. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ti gbóná a máa wú, géèjì á sì tan yín jẹ. Ẹ má sì gbàgbé táyà sípíà, èyí tí a kì í rántí títí ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ọkọ̀ èrò ńlá kan ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti ibi àjọ̀dún orin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dé ẹkùn Surrey, táyà iwájú kan bẹ́, ọkọ̀ náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì lọ kọlu igi. Ènìyàn mẹ́ta kú. Nígbà tí wọ́n yẹ táyà náà wò, wọ́n rí i pé ó ti lé ní ọdún 19. Ó dàgbà ju ọkọ̀ tí wọ́n fi sí lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà ojú rẹ̀ ṣì jìn tó ohun tí òfin béèrè. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó yóò ní táyà gidi ni. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn tí ó kú, ọmọ ọdún 18, kò sinmi, ó ń rọ ìjọba láti ṣe òfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021, ó ti di èèwọ̀ ní Bìrìtéènì kí ọkọ̀ èrò ńlá tàbí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lo táyà tí ó ti ju ọdún 10 lọ ní ẹsẹ̀ iwájú.

Rọ́bà ń gbó bí awọ, ìbáà ṣe pé a lò ó, ìbáà ṣe pé a tò ó sínú ṣọ́ọ̀bù. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn á máa fa omi ara rẹ̀ gbẹ títí yóò fi máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ wá lẹ́tà DOT lára táyà. Ní ìparí ìlà tí ó tẹ̀lé e, nọ́ńbà mẹ́rin wà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tí ó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 3519, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ sá fún un! Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe táyà ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bí ó bá ti pé ọdún márùn-ún, kí a má sì lò ó kọjá ọdún 10 rárá. Lábẹ́ oòrùn tiwa, èmi kì í dúró de ọdún kẹwàá.

Èyí ni ó mú mi bẹ̀rù táyà tòkunbọ̀. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí a kó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ wọ́n kún ọjà. Ilé-iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2007, ti Dunlop ní Ìkẹjà sì tẹ̀lé e ní ọdún 2008; owó táyà tuntun sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. N kò bú ẹni tí kò ní owó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó ka nọ́ńbà mẹ́rin náà kí ó tó sanwó. Kí ó sì tún wo àmì kan: àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí ègé yìnyín wà nínú rẹ̀. Táyà ìgbà òtútù ni ìyẹn, irú èyí tí òfin Jámánì fi dandan lé fún ọ̀nà oníyìnyín. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, nítorí òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Lórí ọ̀dà títì tiwa, kíákíá ni yóò jẹ tán, kì í sì í dúró dáadáa bí a bá tẹ bíréèkì. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ ni ó yẹ kí a wò kí a tó ra táyà.

Ẹnì kan lè sọ pé ayé ti ń yí sí ọkọ̀ oníná mànàmáná, pé gbogbo èyí kò ní pẹ́ di ìtàn. Lóòótọ́, ní ọdún 2024 ni Ẹtiópíà fòfin de kíkó ọkọ̀ kékeré tí ń lo epo wọlé. Ọkọ̀ oníná kò nílò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó nílò táyà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bátìrì rẹ̀ wúwo, agbára rẹ̀ sì ń jáde lójijì bí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ó ń jẹ táyà kíákíá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí ní láti béèrè táyà tí ó lè gbé ìwúwo rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ní ìdíkọ̀, ẹ rìn yí i ká. Ẹ wo táyà tí ó dán, èyí tí ó sán, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú bí eéwo, kí ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin náà. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún awakọ̀, kí ẹ sì wọ òmíràn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí ẹ bá sì dé iwájú kíláàsì yín, ẹ mú àwọn ọmọ jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, kí ẹ ní kí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí táyà rẹ̀. Ìṣirò ni, ìlera ni, ẹ̀kọ́ ìlú sì ni. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò kà á fún bàbá rẹ̀ tí kò lè kà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi.